Páńkíríàsì tó jẹrà, tí kòkòrò sì wọ̀: ìbéèrè tí àwọn ará ilé aláìsàn ń bi wá ní Ìlọrin

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ bí ibà, ṣùgbọ́n ilé tó bá ti bá a jà rí kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀, nítorí ó máa ń pẹ́ nílẹ̀. Bó ṣe ń pẹ́ náà ni ìbéèrè ń pọ̀. Ìyá aláìsàn á bi wá ní tiẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n tó ti Ọ̀fà dé á bi wá ní tiẹ̀ lọ́sàn-án, àbúrò á tún pè láti Èkó lóru. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo wà. Mo kó àwọn èyí tí mò ń gbọ́ lemọ́lemọ́ jọ síbí kí ohun tí dókítà bá ń sọ lè yé yín. Kò rọ́pò dókítà yín o: òun ló rí aláìsàn, èmi ò rí i.

Níbo ni páńkíríàsì wà, kí ló sì ń mú un jẹrà?

Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ló wà, ó nà gbọọrọ láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara ti eegun ẹ̀yìn. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń tú omi tó ń da oúnjẹ sínú ìfun, pàápàá ọ̀rá àti ẹran; ó sì ń ṣe ínsúlínì tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Omi tó ń da ẹran yẹn ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí nǹkan bá dí ọ̀nà rẹ̀, tàbí tí ohun kan bá pa páńkíríàsì náà lára, omi náà á dojú kọ ẹ̀yà ara tó ṣe é, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà á bí ẹni ń da oúnjẹ. Ibẹ̀ á wú. Ìrora líle á dé lójijì lókè ikùn, á sì gún wọ ẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọjá wíwú yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ti àwọn díẹ̀ ló ń le débi pé ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé apá kan páńkíríàsì mọ́, tí apá náà á sì kú. Nínú àwọn tí tiwọn bá kú báyìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni kòkòrò máa ń wọ ibi tó kú náà, tí yóò di ọyún. Àwọn wọ̀nyí ni mò ń bá ará ilé wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fún un ní májèlé?

Ìbéèrè yìí kì í pẹ́ dé, mi ò sì ń bínú sí ẹni tó bá bi í. Ẹni tó lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, tó jẹ, tó mu, tó padà sílé tó sùn, tí inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lóru, tó ń bì láìdáwọ́ dúró, tí ikùn rẹ̀ wú: ta ni ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀tá? Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Oúnjẹ ọlọ́ràá ló ń mú kí àpò òróòro fún ara rẹ̀ láti tú òróòro jáde. Tí òkúta bá wà nínú àpò náà, ìgbà yẹn ni ó lè yọ́ jáde, kó lọ há sí ẹnu ọ̀nà tí òróòro àti omi páńkíríàsì jọ ń gbà wọ ìfun. Ìnáwó sì ni ibi tí ẹran díndín àti ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ léfòó ti ń pàdé. Nítorí náà, pé àìsàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan fọwọ́ sí i.

Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lára rẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀. Tí lipase (èròjà omi páńkíríàsì tó ń da ọ̀rá) inú ẹ̀jẹ̀ bá ti tó ìlọ́po 3 ibi tó yẹ kó mọ, tí ìrora náà sì rí bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀, dókítà ti mọ ohun tó ń bá jà, kò tíì dé ibi skáànù pàápàá.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ májèlé yìí ni epo pupa. Kí wọ́n tó gbé aláìsàn dé, wọ́n ti ro epo sí i lẹ́nu kó lè bì í jáde. Epo kò pa májèlé kankan. Ó lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ti ń bì, ẹ̀dọ̀fóró yẹn á sì di ìṣòro kejì tí a ó máa bá jà.

Kí ló wá ń fà á gan-an?

Òkúta inú àpò òróòro àti ọtí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù káàkiri ayé. Nílẹ̀ wa níbí, ẹ má gbàgbé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ pupa wọn máa ń fọ́ láìtọ́jọ́, ohun tó sì ń ṣẹ́ kù lára èyí tó fọ́ náà ló ń dì pọ̀ di òkúta nínú àpò òróòro wọn, nígbà mìíràn láti kékeré. Bí ọ̀dọ́ tó jẹ́ SS bá ní inú ń ro òun, gbogbo ilé á ti gbà pé kíráísìsì ló dé. Ẹ sọ fún dókítà pé kó yẹ òróòro rẹ̀ wò.

Ní ti ọtí, mo ti mọ̀ pé kò yẹ kí n béèrè níṣojú ìyàwó àti àna. “Rárá, mi ò mutí” ni wọ́n máa ń dáhùn. Tí mo bá wá béèrè nípa àgbo jẹ̀dí tàbí paraga tí wọ́n ń rà ní gárééjì láàárọ̀, wọ́n á ní ìyẹn ń kọ́, ojoojúmọ́ ni. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Páńkíríàsì kò mọ̀ pé egbò igi wà nínú ìgò náà.

Àwọn ohun mìíràn tún wà: ọ̀rá tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, oògùn kan, ìdí ọwọ́ ọ̀kadà tó gún èèyàn nínú nígbà ìjàǹbá. Ti àwọn kan, a wá a tì.

Wọ́n ní ká ṣe CT lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé èyí àkọ́kọ́ kò dára ni?

CT ni àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ńlá ń yà. Ó ṣeé ṣe kí ti àkọ́kọ́ dára, kó jẹ́ pé ó yá jù. Ẹran tó ń kú kì í hàn dáadáa lọ́jọ́ kìíní. Ó tó nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 4 kí àwòrán tó fi ibi tó kú hàn yàtọ̀ sí ibi tó wà láàyè. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ara aláìsàn bá tún yí padà, dandan ni ká tún wò ó, nítorí a fẹ́ mọ bí ìdọ̀tí náà ṣe tóbi tó, ibi tó fẹ́gbẹ̀ẹ́ sí, àti bóyá ọ̀nà wà tí rọ́bà tí a fi ń fa ọyún jáde lè gbà débẹ̀.

Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé kòkòrò ti wọ ibẹ̀?

Ibà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè má jẹ́ ti kòkòrò rárá. Ara tó ń jóná máa ń gbóná. Ohun tó ń mú wa fura ni ẹni tó ti ń ṣe dáadáa, tí ibà wá padà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń gbọ̀n, ọkàn rẹ̀ ń sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ń lọ sókè. Tí CT bá wá fi afẹ́fẹ́ hàn bí ìfóòfó kéékèèké láàárín ìdọ̀tí náà, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nítorí kòkòrò ló sábà máa ń tú afẹ́fẹ́ síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. A kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́.

Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kẹta. Kí ló dé tí ẹ ò tíì la ikùn rẹ̀ kí ẹ kó ìdọ̀tí náà dànù?

Ká sọ òótọ́, ìbéèrè yìí ló mú mi jókòó kọ gbogbo èyí. Ará ilé rí i pé èèyàn àwọn ń joro, ibà ń lọ ó ń bọ̀, dókítà ń wọlé ó ń jáde, kò sì sẹ́ni tó mú ọ̀bẹ. Àwọn kan á ní a ò mọ iṣẹ́. Àwọn mìíràn á ní à ń fi í pawó ni. Mo ti gbọ́ méjèèjì lẹ́nu ìdílé kan náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rèé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹran tó kú kò tíì ya ara rẹ̀ kúrò lára èyí tó wà láàyè. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì gba àárín wọn kọjá. Eéwo tí kò tíì pọ́n, ta ló ń tẹ̀ ẹ́? Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà náà á fa alààyè mọ́ òkú, ẹ̀jẹ̀ á sì bo ibẹ̀. Tí a bá lè dúró, ara fúnra rẹ̀ á mọ odi yí ìdọ̀tí náà ká. Ẹran tó kú á rọ̀, á máa yọ́ di omi, awọ tó nípọn á sì bò ó. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 kí odi náà tó dúró dáadáa. Ìlànà Atlanta, tí àwọn dókítà fi ń pín àìsàn páńkíríàsì sí ìsọ̀rí, tí àwọn onímọ̀ tún ṣe tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2012, ọ̀sẹ̀ 4 yìí ló fi pààlà sáàárín èyí tí odi rẹ̀ kò tíì dúró àti èyí tó ti dúró.

Láyé ọjọ́un, lílà náà ni wọ́n ń là. Ní 2010, àwọn dókítà ní Netherlands tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n pè ní PANTER. Aláìsàn 88 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n la ikùn àwọn kan ní tààrà. Àwọn yòókù, rọ́bà ni wọ́n kọ́kọ́ fi fa ọyún wọn, ẹni tí rọ́bà kò bá sì tó fún nìkan ni wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún. Nínú àwọn tí wọ́n là, 69 nínú 100 ló bọ́ sínú ìṣòro ńlá tàbí kú. Nínú àwọn tó gba ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, 40 nínú 100 ni. Tí ẹ bá ya ikú nìkan sọ́tọ̀, iye rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nínú ìhà méjèèjì, kò yẹ kí n fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ tuntun bá 38 nínú 100 àwọn tí wọ́n là, ó bá 16 péré nínú 100 àwọn kejì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé 35 nínú 100 àwọn tí wọ́n fi rọ́bà bẹ̀rẹ̀ kò nílò iṣẹ́ abẹ kankan mọ́ láti kó ẹran tó kú náà jáde. Rọ́bà parí iṣẹ́.

Àwọn ará Netherlands náà ló tún béèrè pé, kí la tiẹ̀ ń dúró dè kí a tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́, nígbà tí rọ́bà kì í ṣe ọ̀bẹ? Èsì tiwọn, POINTER, jáde ní 2021, aláìsàn 104. Àwọn tí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ lójú ẹsẹ̀ kò sàn ju àwọn tí wọ́n ní kó dúró dìgbà tí odi bá mọ. Nínú àwọn tó dúró, 39 nínú 100 ni antibáyótíìkì nìkan wò sàn, tí kò sì sí rọ́bà tó kàn wọ́n.

Nítorí náà, tí dókítà bá ní “ẹ jẹ́ ká fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i”, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni: kí lẹ ń ṣọ́ lójoojúmọ́, kí ló máa mú yín yí èrò padà? Tí kò bá rí ìdáhùn fún ìyẹn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Àwọn ohun kan wà tí kì í gba dídúró: ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lọ́nà tí a ò lè dá dúró, ìfun tó lu, ikùn tó le gan-an débi pé kíndìnrín ò lè tọ̀ mọ́. Ìyẹn, tíátà ló kàn.

Ẹ ò fún un ní antibáyótíìkì láti ọjọ́ kìíní. Ṣé kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí kòkòrò wọ̀ ọ́?

Rárá. Wọ́n ti yẹ èyí wò dáadáa: kí a fi antibáyótíìkì ṣe ààbò ṣáájú kì í dá kòkòrò dúró láti wọ ibẹ̀, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ kòkòrò bí a ṣe ń sá fún oògùn, ó sì ń ṣínà fún olú tí í hù nínú ara. Ìgbà tí a bá rí àmì pé kòkòrò ti wọ̀ ni a ń bẹ̀rẹ̀, oògùn tó lè wọnú ẹran òkú sì ni a ń wá, irú bíi meropenem tàbí imipenem. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ má wá lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e sínú oòrùn nítorí pé tiẹ̀ rọjú.

Wọ́n dín omi tí wọ́n ń fà sí i lára kù. Ṣé wọ́n ti pa á tì ni?

Wọn ò pa á tì. Tẹ́lẹ̀, omi rẹpẹtẹ là ń fà fún wọn. Ìwádìí WATERFALL tó jáde ní 2022 fi hàn pé àwọn tí omi wọn pọ̀ lápọ̀jù kò sàn jù, ara wọn ló kún fún omi: 20.5 nínú 100, sí 6.3 nínú 100 àwọn tí wọ́n fún níwọ̀nba.

Rọ́bà tí wọ́n fẹ́ ki bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Dókítà á máa wo inú rẹ̀ lójú skáànù tàbí CT, á pa ẹ̀gbẹ́ náà kú, á fi abẹ́rẹ́ wá ibi tí ọyún wà, á wá ti rọ́bà gba ojú abẹ́rẹ́ náà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ òsì, lọ́nà ẹ̀yìn, ló máa ń fẹ́ kó gbà, kó má baà gba àárín ìfun kọjá, àti kí ọ̀nà náà lè wúlò tí iṣẹ́ abẹ bá di dandan lẹ́yìn náà.

Ibí ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ lè ràn wá lọ́wọ́. Ohun tó ń jáde kì í ṣe omi lásán; ó ki, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ó ń rùn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí èérún ẹran dúdú tó ń rọra yọ́ bọ̀ nínú rẹ̀. Èérún yẹn ló ń dí rọ́bà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn fọ̀ ọ́ léraléra lójúmọ́, tí dókítà sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín: tí rọ́bà tó ń ṣàn lánàá bá dédé dákẹ́ lónìí, ẹ má dúpẹ́ ná. Ó ṣeé ṣe kó ti dí. Ẹ pè wá. Ẹ má so àpò rẹ̀ mọ́ ibi tó ga ju ara aláìsàn lọ, ẹ má jẹ́ kó jókòó lé e. Tí ẹ bá fẹ́ yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹnì kan di rọ́bà mú.

Wọ́n ní àwọn á gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ṣé ó ṣeé ṣe láìla ikùn?

Ó ṣeé ṣe. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni páńkíríàsì wà. Tí ìdọ̀tí bá ti ní odi, ó máa ń fara ti ògiri àpò oúnjẹ náà pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn oorun, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ẹnu rẹ̀ lọ sínú àpò oúnjẹ. Orí ẹ̀rọ náà ní skáànù tiẹ̀, tí dókítà fi ń wo ẹ̀yìn ògiri kó má baà gún iṣan ẹ̀jẹ̀. Á dá ihò sí ògiri náà, á fi sítẹ́ǹtì, ìyẹn ọ̀pá kékeré oníhò, sí i kó má padà dé. Sítẹ́ǹtì náà lè jẹ́ ti rọ́bà, lè jẹ́ ti irin tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Ọyún á máa ṣàn bọ́ sínú àpò oúnjẹ.

Tí ìyẹn kò bá tó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á gba ihò kan náà wọnú ibi tó jẹrà, wọ́n á máa fi ohun èlò kéékèèké já ẹran tó kú mú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa fà á jáde. Iṣẹ́ sùúrù ni. A kì í ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá ní kí ẹ tún gbé e padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò túmọ̀ sí pé ti àkọ́kọ́ bàjẹ́.

Wọ́n ń da ọyún sínú àpò oúnjẹ rẹ̀? Ṣé ìyẹn kò ní pa á?

Ìyá kan bi mí báyìí, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. Kò ní pa á. Omi kíkan inú àpò oúnjẹ le lójú kòkòrò, ohun tó bá kù á bá ìgbẹ́ lọ. Ibi tí ọyún há sí, tó ń gbógun wọ ẹ̀jẹ̀, ni ewu wà.

Nínú ti ẹnu àti ti ẹ̀gbẹ́, èwo ló dára jù?

Ìwádìí TENSION, ti Netherlands náà, 2018, fi méjèèjì wé ara wọn lára aláìsàn 98. Ní ti ikú àti ìṣòro ńlá, wọn kò yàtọ̀: 43 nínú 100 fún ti ẹnu, 45 fún ti ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ti ẹnu ti borí ni pé omi páńkíríàsì tó ń jò gba awọ ara jáde bá 5 péré nínú 100, ó sì bá 32 nínú àwọn ti ẹ̀gbẹ́. Àwọn ti ẹnu tún tètè padà sílé. MISER, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2019, gbè sẹ́yìn ti ẹnu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èrò tèmi rèé, tí ẹ bá bi mí. Tí ìdọ̀tí bá wà láàárín, tó fara ti àpò oúnjẹ, tí ẹni tó mọwọ́ ẹ̀rọ náà sì wà nítòsí, ti ẹnu ni kí ẹ bá lọ. Tó bá ti ṣàn lọ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun, ẹ̀rọ ẹnu kò lè débẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ló yẹ ẹ́, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rọ ẹnu tó ní skáànù lórí kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fún iṣẹ́ yìí kò sì pọ̀. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ló rọrùn jù láti rí nítòsí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti ẹnu tí kò sí nílẹ̀ dá ti ẹ̀gbẹ́ tó wà nílẹ̀ dúró fún aláìsàn tó ń gbọ̀n.

Tí rọ́bà kò bá wá tó ńkọ́?

Wọ́n lè la ojú kékeré, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, kí wọ́n tẹ̀ lé rọ́bà náà wọlé bí ẹni tẹ̀ lé okùn, kí wọ́n fi kámẹ́rà wò, kí wọ́n sì kó èyí tó ti já sílẹ̀. Wọn kì í fipá fa èyí tó ṣì lẹ̀ mọ́ ara. Lílà gbàràmù láti iwájú ṣì wà o, kò tíì kúrò nínú ìwé, ó sì ń gba ẹ̀mí là níbi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ipò ìgbẹ̀yìn ló bọ́ sí báyìí.

Kí la lè fún un jẹ?

Ẹ kọ́kọ́ bi wa. Tẹ́lẹ̀, ebi ni wọ́n fi ń pa wọ́n, wọ́n ní kí páńkíríàsì sinmi. A ti mọ̀ báyìí pé ìfun tí oúnjẹ kò bá wọ̀ máa ń rọ, kòkòrò inú rẹ̀ á sì máa yọ́ jáde lọ sí ibi tó jẹrà. Nítorí náà ẹni tó bá lè jẹ, kó jẹ. Ẹni tí kò bá lè jẹ, a ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú rẹ̀. Kò pọn dandan kí rọ́bà imú wọlé lọ́jọ́ kìíní: ìwádìí PYTHON tó jáde ní 2014 fi hàn pé àwọn tí a fi sílẹ̀ kó gbìyànjú ẹnu fún ọjọ́ mélòó kan kò ṣòfò.

Nígbà tí wọ́n bá ti ní kó máa fẹnu jẹ, ẹ̀kọ gbẹ̀rẹ́ dára, ó rọ̀, ó ń sáré lọ. Ẹyin sísè, ẹja tútù sísè, gbẹ̀gìrì tí a ò da epo bò. Ẹ fi wàrà díndín àti ẹran àgbò sílẹ̀ ná. Àwọn tó ń gbé oògùn inú ike wá pé kòkòrò rere ló wà nínú rẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn: ìwádìí kan ní 2008 fún àwọn tí páńkíríàsì wọn le ní irú rẹ̀, 16 nínú 100 kú, nígbà tí 6 kú nínú àwọn tí kò gbà á.

Ní ti hàntú (omi tí a fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà) àti omi Sàmsámù láti Mẹ́kà: mo mọ ohun tó túmọ̀ sí fún yín, èmi náà ọmọ Ìlọrin ni. Ẹ fi pa á lójú, ẹ fi pa á láyà. Ẹnu nìkan ni mo ní kí ẹ má fi kàn láìbi wá, nítorí ẹni tó ń bì tí kò sì jí dáadáa lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Òmù-Àrán la wà. Wọ́n ní ká gbé e wá sí Ìlọrin. Kí ni ká múra sílẹ̀?

Ẹ pè kí ẹ tó gbéra. Ẹ bi wọ́n: ṣé CT yín ń ṣiṣẹ́ lónìí? Ṣé ẹni tó ń ki rọ́bà lójú skáànù wà? Ṣé bẹ́ẹ̀dì ICU, wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, ṣófo? Ṣé ẹ̀rọ tó ń fọ kíndìnrín wà? Ẹ jẹ́ kí dókítà bá dókítà sọ̀rọ̀, kì í ṣe kí ẹ gbé lẹ́tà kan dání kí ẹ máa kan ilẹ̀kùn.

Ẹ gba fíìmù CT àti CD rẹ̀. Ìwé èsì nìkan kò tó. Dókítà fẹ́ fojú ara rẹ̀ wo àwòrán. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ara wọn le tẹ̀ lé yín, a lè nílò ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá wà lábẹ́ ìṣedúró ìlera, ẹ gba kóòdù rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ má fi mọ́tò akérò gbé e. Láti Ajàṣẹ́-Ìpo gba Ìdòfìàn dé ìgboro, ojú ọ̀nà kò tẹ́jú. Tó bá sì jẹ́ UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, lẹ ń lọ, Òkè-Ose ló wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, òdìkejì ìlú sí ibi tí ẹ gbà wọlé. Ẹni tó bá gbéra lákòókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde á jókòó sínú gosìló pẹ̀lú aláìsàn tí ìfúnpá rẹ̀ ń já.

Tí wọ́n bá tún ní kí ẹ gbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó fún ti ẹnu, ẹ béèrè bóyá rọ́bà ẹ̀gbẹ́ lè kọ́kọ́ wọlé níbí. Aláìsàn tí ọyún rẹ̀ ti ń ṣàn jáde máa ń lè fara da ọ̀nà jíjìn ju ẹni tí tiẹ̀ há lọ.

Ṣé ó ń pa èèyàn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Kódà ní àwọn ilé ìwòsàn tó lóhun gbogbo, 15 sí 30 nínú 100 àwọn tí kòkòrò wọ tiwọn ló ń kú, pàápàá àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró tàbí kíndìnrín wọn ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ohun tó tún ń já wa láyà ni ẹ̀jẹ̀: omi páńkíríàsì lè jẹ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi bẹ́. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ pupa nínú àpò rọ́bà, kódà kó jẹ́ díẹ̀, ẹ má dúró de àárọ̀.

Tó bá ti padà sílé, ṣé ó ti parí?

Kò tíì parí. Ṣúgà rẹ̀ lè ga, nítorí ibi tó ń ṣe ínsúlínì ti dínkù. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tí òkúta òróòro bá ló fà á, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ àpò òróòro náà tí ìdọ̀tí bá ti gbẹ, kó má baà tún ṣẹlẹ̀. Ọtí ti parí, paraga náà ti parí. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì, kó bi dókítà ní gbogbo ọdún, pàápàá tó bá ń lo ínsúlínì.

Tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ń léfòó, tó ń dán fún ọ̀rá, tó ń rùn kọjá ti tẹ́lẹ̀, tí ó sì ń rù, oúnjẹ rẹ̀ kò dà. Kápúsù tó ń bá a da oúnjẹ wà fún ìyẹn. Àárín oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ní ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ṣe kápúsù náà. Ṣé Mùsùlùmí lè lò ó?

Òótọ́ ni, láti inú páńkíríàsì ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, mi ò sì fara mọ́ kí a máa fi bò fún aláìsàn. Èmi kì í ṣe alfa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Súrátul Bàkárà, ẹsẹ̀ 173, sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ìnira mú débẹ̀, tí kì í ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ń fi gbe irú oògùn báyìí lẹ́yìn níbi tí kò bá sí òmíràn. Ẹ gbé e tọ alfa yín lọ, kí ẹ sọ fún un pé oúnjẹ ò dà nínú aláìsàn láìsí i. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ gba kápúsù, kí ẹ jù ú nù, kí ẹ wá máa sọ fún dókítà pé ẹ ń lò ó. Dókítà á máa fi kún un, aláìsàn á máa rù.

Ìgbà wo la gbọ́dọ̀ sáré padà?

Ibà tàbí gbígbọ̀n. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tàbí èébì ẹlẹ́jẹ̀. Ojú tó pọ́n yẹ́lò. Rọ́bà tó já. Ìrora tó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní.

Ẹni tí wọ́n bá sì fi sítẹ́ǹtì irin sí, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́ kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ kọ ọ́ sára ògiri tàbí sínú fóònù èèyàn méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ló yẹ kó jáde. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, ó lè rì sínú ẹran, ó sì lè bẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí gbogbo ilé ti ń rò pé ara rẹ̀ ti yá.